Ta Ló Fún Un Ní Sìgá?

"Ẹ tún un fẹ́," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ fẹ́ ẹ dáadáa. Ẹ má fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ omi gbígbóná."

Bàbá Adìwé tún ki páìpù funfun ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn èéfín inú èémí bọ ẹnu. Ó fa ìwọ̀nba èémí tó lè fà sínú, ó dì í mú títí nọ́ọ̀sì fi ka oókan dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Omi lé sí i lójú. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀rọ kékeré náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó sì kọjú sí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí olùkọ́ tó fẹ́ fi ọmọ kan kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n.

"Mẹ́tàlélógún!" ló ké. "Ẹni tí kò bá mu sìgá kì í kọjá mẹ́fà. Bàbá, mẹ́tàlélógún!"

Ọkùnrin kan tí rọ́bà wà nímú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àbíkẹ́yìn mi kò tíì pé ọdún yẹn," ó ní, àwọn tó kù sì bá a rín in, àwọn tí ikọ́ jẹ́ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín nínú wọn.

"Mi ò mu ún," Bàbá Adìwé wí. "Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún tí sìgá ti kan ètè mi kẹ́yìn."

"Ẹ̀rọ yìí kò mọ ọjọ́ kà, Bàbá. Èéfín ló mọ̀."

"Bóyá ó ti bàjẹ́."

Nọ́ọ̀sì yọ páìpù rẹ̀ dànù, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ó sì gbé e sókè kí gbogbo bẹ́ǹṣì lè rí i. "Oókan. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ló ti ń bàjẹ́."

Ìyàwó Bàbá Adìwé jókòó tì í, fáìlì ọkọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó kàn ń ká etí fáìlì náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣe Bàbá Adìwé kì í ṣe èyí tó ń lọ. Dókítà ti sọ ọ́ fún un láìbò ó: ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, èyí tó ṣẹ́kù ni kí ó ṣọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó lè máa fún un ní afẹ́fẹ́ nílé, tí yóò jẹ́ kí ó lè rìn láti orí ibùsùn dé balùwẹ̀ láìfọwọ́ ti ògiri nígbà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò pọ̀ ní kíníìkì yìí, òun àti iná kò sì rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ sílé ní láti fẹ́ ẹ̀rọ òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù mẹ́ta, kí èémí rẹ̀ sì mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lóṣù kìíní, Bàbá Adìwé fẹ́ mẹ́ta. Lóṣù kejì, ó fẹ́ méjì. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹjọ òní," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún yín. Bí kò bá mọ́, mo máa fa igi lé orúkọ yín, màá sì pe ẹni tó kàn. Àwọn tó fẹ́ẹ́ mí pọ̀ lẹ́yìn yín."

Ẹ̀gbẹ́ títì ni ìyàwó rẹ̀ tó lanu.

"Ta ló fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan."

"Níbo lẹ fi í pamọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ìyá àwọn ọmọ, mo ní mi ò mu ún."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ rí."

Òótọ́ ni, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ogójì ọdún ló fi sọ ọ́. Iṣẹ́ ìwé dídì ló ń ṣe, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Adìwé: a rán abala mọ́ abala, a fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ ẹ̀yìn wọn, a fi awọ bò wọ́n. Ó mọ̀ pé àlàfo kékeré máa ń wà láàrin awọ àti ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n bá dì dáadáa, àlàfo náà sì gba sìgá mẹ́ta. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan wà nínú yàrá wọn tí ìyàwó rẹ̀ ń nu eruku orí rẹ̀ fún ọdún méje kó tó mọ ohun tí òun ń nù. Ó ti fi orí àkọ́bí wọn búra pé òun ti jáwọ́, sìgá sì wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ bó ti ń búra. Lọ́jọ́ kan ó ní òun ń lọ kí aládùúgbò kan. Ibi ìsìnkú aládùúgbò ọ̀hún gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bọ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí òtítọ́ bá dé tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un.

Ohun tó mú un jáwọ́ kì í ṣe ìwàásù. Orí àtẹ̀gùn ilé wọn ló ti ṣubú, níbi tí àtẹ̀gùn ti yí lọ sí àjà kẹta. Àwọn aládùúgbò gbé e wọlé bí ìgàn aṣọ, ìtọ̀ sì ń kán láti etí ṣòkòtò rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan bèèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá bàbá yẹn ti kú. Ìyàwó rẹ̀ tó ń fi àkísà nù ún lójú gbogbo wọn dáhùn pé, "Kò tíì kú," ohùn tó fi sọ ọ́ sì dà bíi ti ẹni tí wọ́n bi léèrè bóyá ọkọ̀ ti dé. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Adìwé kó gbogbo sìgá tó kù sínú omi, ó sì jókòó tì í títí ó fi di ẹrẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èékánná rẹ̀ tán. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bó ti le tó, nítorí ta ni yóò gbà á gbọ́?

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ yẹ bàtà wò, ó yẹ ìbọ̀sẹ̀ wò, ó ju tìmùtìmù sílẹ̀, ó fi abẹ tú ẹ̀yìn ìwé atúmọ̀ èdè ya. Ó gbóòórùn apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé abíyá. Kò rí nǹkan kan, bí kò sì ṣe rí nǹkan kan yẹn gan-an ló mú kó dá a lójú.

"Olè tó ti gbó nínú iṣẹ́ ni ọ́," ó ní. Nígbà tí inú bá bí i dé góńgó nìkan ló máa ń pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ. Ó tẹ ọmọbìnrin wọn láago, ó sì jẹ́ kí fóònù náà ké síta.

"Bàbá, mi ò bínú," ọmọ náà wí láti ìlú tó ń gbé. "Mo ti bínú títí, ó ti tán. Ẹ kàn jẹ́ kí n mọ̀ ni: ṣé kí n ti máa tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀ ni, kí ọjọ́ náà má lọ bọ́ sí ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀?"

Bàbá Adìwé gbé ìwé tí wọ́n ya náà sórí itan. Ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Rírán rẹ̀ ṣì le.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìwé dídì tó ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá méjì tí wọ́n wó ògiri àárín rẹ̀ ni. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọmọṣẹ́ Bàbá Adìwé nígbà kan rí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún ìwé lábẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ló sì ti jẹ ìgbátí. Nígbà tó di ọ̀gá, kò gbàgbé ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Bàbá, ẹ dúró síbẹ̀ ná," ó ní. "Ìyá pè mí láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ní ẹ̀rọ tú yín fó. Wọ́n ní kí n máa yẹ àpò yín wò kí ẹ tó wọlé."

Ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, lójú àwọn òṣìṣẹ́, àpò ẹ̀wù àti ti ṣòkòtò. Ohun tó rí kò ju aṣọ ìnujú kan lọ. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà.

Ìwé òfin igba ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dì, pẹ̀lú lẹ́tà wúrà lára èèpo rẹ̀. Wúrà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ awọ yẹn fẹ́lẹ́ débi pé bí ènìyàn bá sín nítòsí rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, wọ́n sì fi téèpù lẹ etí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù jóná. Ọ̀gá kò ra òmíràn. Ó gbé ààrò èédú wá láti ilé rẹ̀, ó fi í sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́ ni èédú náà máa ń pọ́n rẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìkòkò. Kì í rú. Ẹnikẹ́ni kò fi ojú rí èéfín rẹ̀.

Obìnrin tó ń rán ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Adìwé, tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, gbé orí lé tábìlì.

"Kí ló dé?" Bàbá Adìwé bi í.

"Orí mi, Bàbá mi. Ó ń fọ́ bí ẹni pé wọ́n há a sínú ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìwé pọ̀. Láti ìgbà tí ìkòkò iná ti jó ni. Bí mo bá ti délé, tí mo jókòó síta díẹ̀, á lọ. Bí mo bá tún ti wọ ibí, á dé."

Bàbá Adìwé dá abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ààrò. Ó wo téèpù etí fèrèsé. Lóṣù kìíní tí ó fẹ́ mẹ́ta, lóṣù kejì tí ó fẹ́ méjì, ìkòkò oníná ṣì ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tí wọ́n ti lù bí olè, tí wọ́n wá rí ojúlówó olè mú.

Ó dìde lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ààrò yìí síta."

"Kí gọ́ọ̀mù lè dì kó tó dé orí ìwé?"

"Tàbí ká ṣí fèrèsé kan."

"Kí wúrà lè fò lọ kí àwọn ará àdúgbò?"

"Èéfín rẹ̀ ni mò ń fà. Òun ni ẹ̀rọ kíníìkì rí lára mi. Abẹ́rẹ́ náà ń fà á, òun ló ń fọ́ ọ lórí. Ẹ̀yin pàápàá ń fà á."

"Èéfín dà?"

"Kì í hàn. Kò lóòórùn."

Ọ̀gá gbé abala wúrà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ kí ó lè rẹ́rìn-ín láìbà á jẹ́. "Èéfín tí kì í hàn, tí kò lóòórùn! Bàbá, ogójì ọdún lẹ fi fa èéfín sínú tayọ̀tayọ̀, ti ààrò ló wá di májèlé? Ẹ lọ jókòó. Ìyá ti kìlọ̀ fún mi pé ẹ gbọ́n, wọn ò sọ pé ó tó báyìí."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Abẹ́rẹ́ dìde láti lọ mú òwú, kò sì dé ìdí òwú. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ gba etí tábìlì.

"Ẹ ṣí fèrèsé!" Bàbá Adìwé ké.

"Ẹ má ṣí i!" ọ̀gá ké mọ́ ọn. Wúrà tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀, lára èèpo ìwé mẹ́rìnlá tí kò tíì gbẹ. "Ẹ jẹ́ kí n kó wúrà yìí ná! Ìṣẹ́jú kan péré!"

Ẹni tó wà nílẹ̀ kò mira. Bàbá Adìwé gbé òòlù onígi tí wọ́n fi ń na ẹ̀yìn ìwé, ó sì fi gbogbo èémí ọjọ́ náà gbá férémù fèrèsé. Téèpù já. Atẹ́gùn wọlé. Wúrà gbéra nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó yí po lókè orí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà: ó bà sínú ìkòkò gọ́ọ̀mù, ó bà sí irun Abẹ́rẹ́, ó lẹ̀ mọ́ òógùn iwájú orí ọ̀gá. Bàbá Adìwé so rọ̀ mọ́ etí fèrèsé bí aṣọ tí wọ́n sá. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Ó ń jà fún èémí kan, kó tó lè jà fún èkejì.

Wọ́n gbé Abẹ́rẹ́ síta. Nígbà tó la ojú, ọ̀gá ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀.

"Oyún ni," ó ní. "Mo bí ọmọ mẹ́rin, mo mọ ojú oyún." Ó wá yíjú sí Bàbá Adìwé, wúrà ń dán ní ìpéǹpéjú rẹ̀. "Bàbá, ẹ kó irinṣẹ́ yín. Ẹ lọ máa mí nílé."

Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Ọ̀gá rẹ ní òùngbẹ sìgá ń gbẹ ọ́ ni o fi fọ́ fèrèsé. Ní ọjọ́ orí rẹ. Ṣé ojú ò tì ọ́?"

"Obìnrin kan dákú níbẹ̀. Ààrò èédú ni. Wá lọ wò ó."

"Èmi, wo ààrò? Mo ti ń wo ààrò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ààrò kò pa mí rí. Ìwọ lo ń pa mí."

Ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Bàbá Adìwé pe Abẹ́rẹ́ lórí fóònù. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tẹ̀ lé òun lọ sí kíníìkì, kí ó kàn sọ ohun tó ṣe é.

"Bàbá mi, ẹ dákun," Abẹ́rẹ́ wí. "Mo ní ọmọ tí mò ń bọ́. Ọ̀gá ní kí n padà wá. Mo ti sọ fún wọn pé oyún ni."

"Ṣé oyún ni?"

"Mo ti sọ fún wọn pé oyún ni, Bàbá."

"Fèrèsé yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti kàn án pa."

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó fẹ́ ẹ̀rọ òṣùwọ̀n náà. Ó di èémí mú dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó sì gbé e sókè.

"Méjì! Ẹ rí i? Ẹ ò rí i bí? Ọjọ́ mẹ́jọ péré tí ẹ fi í sílẹ̀ lóòótọ́, ó ti mọ́ tónítóní!"

Bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi etí ìborùn nu ojú.

"Kì í ṣe sìgá," Bàbá Adìwé wí. "Ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn kọ́ ni mo jáwọ́. Ààrò èédú ni, níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ti fèrèsé pa. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀ ló ti mọ́."

"Èédú!" Nọ́ọ̀sì mi orí. "Oṣù tó kọjá, ẹnì kan ní èéfín mọ́tò ni. Ẹnì kan ní àwọn kan ń jó pàǹtírí ládùúgbò òun. Gbogbo yín lẹ máa ń rí èéfín kan di ẹ̀bi rù." Ó fa bébà kan yọ. "Bàbá, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yín wà níbẹ̀ yẹn, ẹ̀ ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí èémí rẹ̀ bá ti kọjá òdiwọ̀n rí gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé kí a tó fún un. Òfin ni. Ẹni tí kò bá jẹ́wọ́ kò tíì jáwọ́. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: ìgbà wo, báwo ló ti pọ̀ tó, ta ló fún yín."

"Bí mi ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́?"

"Màá pe ẹni tó kàn."

Ẹni tó kàn jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì, obìnrin tínínrín kan tí egungun ọrùn rẹ̀ ń wọlé tó ń jáde. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu Bàbá Adìwé. Ó ń retí kí ó sọ pé rárá. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi pamọ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ náà ti débẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́wọ́. Mi ò ní jà. Mo búra, mi ò ní jà."

Bàbá Adìwé wo ẹ̀rọ náà. Ó wo ẹnu obìnrin tínínrín náà tó là sílẹ̀.

"Ìgbà wo?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ mẹ́tàlélógún."

"Báwo ló ti pọ̀ tó lójúmọ́?"

"Láti ìgbà tí a bá wọṣẹ́ títí a ó fi ṣíwọ́."

Nọ́ọ̀sì súfèé. "Ta ló fún yín?"

"Ọ̀gá mi."

"Ó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mo mọ̀!" ìyàwó rẹ̀ kígbe. "Mo mọ̀ pé ọmọ yẹn kò fẹ́ràn yín! Òun tó ní òun ń yẹ àpò wò!"

Nọ́ọ̀sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ti gbọ́ ọ. Níbi tí àyè ṣófo, ó kọ "sìgá" fúnra rẹ̀, ó sì yí bébà náà sí Bàbá Adìwé kí ó buwọ́ lù ú. Bàbá Adìwé buwọ́ lù ú. Ní ìdí bẹ́ǹṣì, obìnrin tínínrín náà pa ẹnu dé.

Télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló bá ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà gun àtẹ̀gùn. Bàbá Adìwé ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ìgbésẹ̀ kan, ìdúró kan. Ó ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lókè, ohùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, ohùn obìnrin tí inú rẹ̀ dùn sí ọkọ rẹ̀.

"Ó jẹ́wọ́ o!" ló ń sọ fún gbogbo ilẹ̀kùn tó bá ṣí. "Ẹ bá mi dúpẹ́. Ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń fún un!"

"Ó kúkú ṣọkùnrin," télọ̀ wí. "Àgbà tó bá lè sọ pé òun parọ́, ó kù díẹ̀ kó di ènìyàn."

"Mo ti dárí jì í. Gbogbo rẹ̀ pátá, mo ti dárí rẹ̀ jì í." Ó bẹ ojú wo ìsàlẹ̀ láti orí irin àtẹ̀gùn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ máa rọra bọ̀. Kí lẹ fẹ́ sọ? Mo rí i pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀."

Bàbá Adìwé ti la ẹnu lóòótọ́. Ó ka àtẹ̀gùn tó kù. Mọ́kàndínlógún ni. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì fi èémí náà gun èyí tó kàn.